Igbó Kì Í Ṣọ́ Ara Rẹ̀

Bí ọmọ kan bá kàwé jáde ní Òde-Ayé, nílẹ̀ Ìkálẹ̀ wa, lónìí, tó wá sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé iṣẹ́ tí òun rí ni kí òun lọ gbé inú igbó ọba fún oṣù mẹ́rin ẹ̀rùn, kí òun máa lànà, kí òun máa ká ìdẹ wáyà, kí òun máa ka ìgbẹ́ erin, gbogbo wa la mọ ohun tí wọn yóò sọ fún un. Wọn á ní ṣé torí èyí ni àwọn ṣe ta kòkó, tí àwọn ṣe gba èésú ra fọ́ọ̀mù JAMB. Wọn á ní igbó tí Ọlọ́run dá, ta ló ń bá Ọlọ́run tọ́jú rẹ̀? Wọn á ní iṣẹ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kejìlá tó sì tán lóṣù Kẹta, ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe ló ń ṣe é. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá ọmọ wọn, ìfẹ́ ọmọ ló ń mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo lòdì sí ọ̀rọ̀ náà látòkèdélẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí èrò yìí ti ń ba ilẹ̀ Ìkálẹ̀ jẹ́, àwa tó ń sọ ọ́ kò sì fura.

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu wọn, pé igbó ń ṣọ́ ara rẹ̀. Igbó Olúwa, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó níbí, kò jìnnà sí wa. Ó lé ní 800 kìlómítà onígun mẹ́rin, ó sì so mọ́ igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti igbó Sàsà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó fi jẹ́ pé ìgbà kan wà tí erin lè kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sí èkejì láìfẹsẹ̀ kan títì. Láti ayé òyìnbó ni wọ́n ti sọ Olúwa di igbó ọba. Òfin wà lórí rẹ̀, ààlà wà níwèé, àmì wà lójú máàpù. Bí igbó bá lè ṣọ́ ara rẹ̀ ni, Olúwa ni ìbá kọ́kọ́ ṣe é.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Nígbà tí ìjọba fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ ìwé tó wà ní Ìwópin rí igi lò, wọ́n gé igbó àdánidá lulẹ̀ ní Omo àti ní Olúwa, wọ́n fi igi mẹlínà rọ́pò rẹ̀. Igi tí wọ́n kó wá láti Éṣíà ni mẹlínà, ìnàkí kì í rí oúnjẹ kan tó níláárí jẹ lórí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Ìwópin náà kò gbérí títí di òní, mẹlínà ló ṣẹ́kù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn agégẹdú ń fi ẹ̀rọ gé ìrókò àti ọ̀mọ̀ lóru, ọkọ̀ ń kó wọn jáde ní Ọ̀rẹ. Àwọn olóko kòkó wọlé, kámpù di abúlé, abúlé ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ìjọba fúnra rẹ̀ tún wá ń gé nínú ilẹ̀ igbó náà fún àwọn oníṣòwò ọ̀pẹ. Ní ọdún 2009, Elizabeth Greengrass tó rin àwọn igbó gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà wá ìnàkí tẹ àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde, ohun tó sì sọ ni pé ìnàkí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun pátápátá ní agbègbè wa. Àwọn tó ní igbó ń ṣọ́ ara rẹ̀, ẹ wá dá mi lóhùn: níbo ni igbó náà wà nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ sí i?

Mo fẹ́ kí ẹ wo ìdẹ wáyà dáadáa, torí ẹni tí kò rí i rí kò lè mọ ìdí tí mo fi ń bínú. Wáyà bíréèkì ọ̀kadà tó ti bàjẹ́ ni wọ́n sábà ń lò. Ọdẹ á wá ọ̀nà tí etu tàbí ìgalà ń gbà lọ mumi, á fa igi kékeré kan tẹ̀ títí orí rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, á so wáyà mọ́ ọn, á ta á ní òjóbó, á fi èèkàn tẹ́ẹ́rẹ́ kan dè é mọ́lẹ̀, á wá fi ewé gbígbẹ bò ó. Ẹsẹ̀ ẹranko kàn án, èèkàn á yọ, igi á ta sókè, òjóbó á fún. Kò burú bó bá jẹ́ pé ọ̀kan tàbí méjì ló dẹ tó sì ń bẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó dẹ ọgọ́rùn-ún kò lè bẹ gbogbo rẹ̀ wò. Òmíràn á mú ẹran, ẹran á kú síbẹ̀, á rà síbẹ̀, ìdin á jẹ ẹ́ tán, kò ní ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Wáyà kì í yan ẹran. Èyí tí wọ́n dẹ fún òòrẹ̀ lè mú ọmọ ìnàkí. Ìnàkí lágbára, ó lè já wáyà náà kúrò lára igi, ṣùgbọ́n òjóbó á wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀, á máa wọ ẹran ara lọ títí ọwọ́ náà á fi rà já.

Bí ọdẹ bá kú, bó bá ṣí kúrò ní kámpù, bó bá tilẹ̀ ronú pìwà dà, ìdẹ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Òjò kì í tètè jẹ wáyà. Èèyàn nìkan ló lè ká a: ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́, tó tẹjú mọ́lẹ̀, tó mọ̀ pé igi kékeré tó tẹ̀ láìsí ohun tó wó lù ú ní àlàyé. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi gbogbo ara tẹ igi náà mọ́lẹ̀ kó tó fọwọ́ kan èèkàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ igi á ta bà á lójú. Yóò gé wáyà, yóò ká a sínú àpò, yóò kọ ibi tó ti rí i sílẹ̀, yóò tún máa lọ. Ìgbà ẹ̀rùn ni iṣẹ́ yìí ń rọgbọ jù, nígbà tí odò bá ti fà, tí ẹrẹ̀ ti gbẹ, tí ẹsẹ̀ lè dé ibi tí kò lè dé lásìkò òjò. Ìgbà yẹn náà ni àwọn ọdẹ ń wọlé púpọ̀, tí àwọn olóko ń dáná sunko, tí iná ń sáré wọ ààlà. Nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé oṣù mẹ́rin ni iṣẹ́ náà fi ń le jù.

Omo jẹ́rìí sí ohun tí mò ń sọ. Ọdún 1925 ni wọ́n ti sọ ọ́ di igbó ọba, UNESCO sì fi orúkọ rẹ̀ kún àwọn igbó tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dá sí ní 1977. Orúkọ rere méjèèjì yìí kò ká ìdẹ kan. Bí erin bá ṣì ń rìn ní Omo lónìí, àwọn èèyàn tí Nigerian Conservation Foundation kó jọ sí ibùdó tí wọ́n ń pè ní Erin Camp, tí wọ́n ń wọ bàtà lọ, tí wọ́n ń wọ bàtà bọ̀, wà nínú ohun tó fà á. Lára wọn ni àwọn tó jẹ́ ọdẹ tẹ́lẹ̀ wà, tí wọ́n ń gba owó oṣù báyìí láti ṣọ́ ohun tí wọ́n ń yìnbọn sí lánàá.

Ẹ má rò pé tiwa nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹyẹ àti ẹranko ní 1903 lórí erékùṣù Pelican Island, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gba ẹ̀ṣọ́ kan, Paul Kroegel, tí wọ́n ń san dọ́là kan fún lóṣù. Wọ́n mọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní pé ìkéde láìsí ẹ̀ṣọ́, ariwo lásán ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá hàn jù ni àwọn erékùṣù Aleutian, lọ́hùn-ún ní Alaska, ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ lọ́dọọdún. Ọdún 1913 ni wọ́n ti kéde àwọn erékùṣù náà ní ibi ààbò. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò awọ ti kó kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ síbẹ̀, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì jẹ ẹyin àti ọmọ ẹyẹ kan tó jọ pẹ́pẹ́yẹ, Aleutian goose, títí gbogbo èèyàn fi gbà pé ẹyẹ náà ti tán láyé. Ìkéde wà, òfin wà, ẹyẹ ń tán lọ. Láti 1949 ni òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀, Bob Jones, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kúrò ní erékùṣù kan. Ní 1962, òun náà ló rí ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù nínú ẹyẹ náà lórí erékùṣù Buldir. Láti ìgbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ lásìkò, wọ́n ń yọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kúrò ní erékùṣù kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n ń gbé ẹyẹ padà síbẹ̀. Ẹyẹ tí kò pé ẹgbẹ̀rún kan ní nǹkan bí 1975 pọ̀ sí i débi pé ní 2001 wọ́n yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó wà nínú ewu. Kì í ṣe ìkéde 1913 nìkan ló gbà á là. Ọwọ́ èèyàn ló wọ̀ ọ́.

Mo wá dé orí ìgbẹ́ erin tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Erin igbó kì í ṣe erin inú fíìmù tó ń dúró sí gbangba pápá. Èèyàn lè wà ní ìwọ̀n ogún ẹsẹ̀ bàtà sí i kó má rí i. Nítorí náà, ohun tó bá ṣe sílẹ̀ ni wọ́n ń kà. Wọ́n á lànà tó gún régé la inú igbó já, wọ́n á máa tọ̀ ọ́ lọ, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti rí ìgbẹ́, wọ́n á fi téèpù wọn bó ṣe jìnnà sí ojú ọ̀nà náà, wọ́n á sì kọ ọ́ bóyá ó ṣì tutù tàbí ó ti gbẹ. Ìṣirò ló kù, inú ìṣirò yẹn ni iye erin ti ń jáde. Lásìkò òjò, àgbàrá àti yímíyímí á ti tú ìgbẹ́ náà ká kí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀. Ti ìnàkí, ìtẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń kà, torí pé ní alaalẹ́ ni ìnàkí ń fi ẹ̀ka igi tẹ́ ibùsùn tuntun. Iṣẹ́ yìí gba ojú, ó gba ìmọ̀ ìṣirò, ó gba kí èèyàn lè sọ òótọ́ nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò ó, nítorí ẹni tó bá fi irọ́ kún iye ti ba gbogbo iṣẹ́ ọdún náà jẹ́. Ní 2021, nígbà tí ẹgbẹ́ IUCN fi erin igbó sí ìpele tó kángun sí àparun, irú kíkà báyìí láti igbó káàkiri Áfíríkà ni wọ́n gbé e lé. Ẹni tí kò bá ní iye lọ́wọ́ kò ní ẹnu ní Àkúrẹ́, kò sì ní ẹnu ní Àbújá. Oníṣòwò ọ̀pẹ á kó iye tọ́ọ̀nù àti iye náírà wá síwájú ìjọba. Kí ni àwa fẹ́ kó wá, bí kò sí ọmọ tó ka ohunkóhun?

Ẹ̀yin ìyá tó ń fi ààpọ̀n se ọbẹ̀, ẹ gbọ́ èyí. Erin igbó fẹ́ràn èso òro tí a ti ń rí ààpọ̀n. Ó ń gbé e mì tòun ti kóró, ó ń gbé kóró náà rìn lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó sì ń fi í sílẹ̀ sínú ìgbẹ́ rẹ̀, níbi tí òro tuntun ti ń hù. Ọ̀bọ ń ṣe irú rẹ̀ fún àgbálùmọ̀. Ẹni tó bá ń ka ìgbẹ́ yẹn ń ka igi ọjọ́ iwájú. Ibi tí erin ti tán, igi tí kóró rẹ̀ tóbi kì í tún rí ẹni bá a gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lábẹ́ ara rẹ̀.

Wọ́n ní iṣẹ́ tó jẹ́ ti ìgbà díẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́. Èyí ló ń dùn mí jù láti ẹnu ọmọ Ìkálẹ̀, torí kò sí iṣẹ́ kan tó bọ́ wa dàgbà tí kì í ní ìgbà. Ẹni tó ń kọ ẹyìn mọ̀ pé oṣù mélòó kan ni ẹyìn fi ń pọ̀, tí ebu fi ń gbóná lọ́sàn-án lóru, kó tó di pé ó wọ́n. Kòkó ní ìgbà ìkórè rẹ̀. Àwọn ará Ìlàjẹ tó ń bá wa ná ọjà mọ ìgbà tí ẹja ń wọlé. A kò pe ẹnikẹ́ni nínú wọn ní aláìríṣẹ́ṣe. Ẹ tún wo èyí: nígbà ìdìbò, INEC ń gba àwọn òṣìṣẹ́ fún ìwọ̀nba ọjọ́ péré. Àwọn òbí yìí kan náà ló ń bẹ èèyàn kí orúkọ ọmọ wọn lè wọlé, wọ́n sì ń fi í yangàn ní ìta. Ìṣòro wọn kò sí nínú iye oṣù. Ohun tó ń tì wọ́n lójú ni inú igbó, torí wọ́n ti pinnu pé ìwé ni ọ̀nà láti sá kúrò nínú rẹ̀.

Níbi tí mo ti gbà pẹ̀lú wọn ni ti owó. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ wa ń jìyà. Owó wọn ń pẹ́, bàtà wọn ń lu, ejò lè bù wọ́n jẹ níbi tí kò sí abẹ́rẹ́ oró ejò. Ní 2024, wọ́n sọ owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí di 70,000 náírà. Kò sí ìdí tí ẹni tó ń sun inú igbó fi gbọ́dọ̀ gba iye tó kéré sí i, kódà ó yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ẹni tó ń sanwó ni ìyẹn. A kò torí pé wọ́n ń fi owó olùkọ́ falẹ̀ sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tíṣà mọ́. À ń jà fún owó olùkọ́ ni.

Àwọn kan nínú ọ́fíìsì tún ní tiwọn. Wọ́n ní kí wọ́n lé àwọn ará àdúgbò jìnnà, kí wọ́n kó àwọn àjèjì tó gbébọn wá láti ibòmíràn, torí àwọn ará àdúgbò ni ọdẹ. Mo kọ èyí náà. Ọdẹ ló mọ ibi tí etu ń sùn, ọdẹ ló mọ ohùn ìbọn tó wá láti ọwọ́ ìta àti èyí tó wá láti kámpù. Ẹni tí o bá lé kúrò nínú iṣẹ́ náà, inú òkùnkùn ni yóò ti máa bá ọ jà.

Ti ajínigbé tí àwọn òbí tún ń bẹ̀rù kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfọwọ́rọ́tì. A mọ ohun tí ojú ń rí lójú títì Ọ̀rẹ sí Benin, ìdí nìyẹn tí ìpínlẹ̀ wa fi wà lára àwọn tó dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020. Kò yẹ kí wọ́n rán ọmọ ẹnikẹ́ni wọ igbó láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Síbẹ̀, igbó tí ẹsẹ̀ ọmọlúàbí kì í dé ni àwọn oníṣẹ́ ibi fẹ́ràn. Àwọn tó ń rìn ín lósẹ̀ lósẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí eérú iná tí kì í ṣe ti ọdẹ.

Àwọn tó ń pariwo ìdàgbàsókè ni mo fi kẹ́yìn, torí àwọn ni agbára wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní igbó tí kò mówó wá kò wúlò, kí wọ́n gé e fún ọ̀pẹ, kí wọ́n wà á fún ọ̀dà bítúmẹ̀nì. Láti ayé òyìnbó ni wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ wá ọ̀dà ní Àgbábù, wọ́n ti ń ṣèlérí ọrọ̀ rẹ̀ fún àwọn bàbá bàbá wa. Mẹlínà náà, ìlérí ni wọ́n fi gbìn ín. Mi ò lòdì sí ọ̀pẹ, ọ̀pẹ ló rán ọ̀pọ̀ wa níléèwé, ilẹ̀ ọ̀pẹ sì pọ̀ lóde igbó ọba. Ohun tí mo ń sọ ni pé igbó tí wọ́n gé lulẹ̀ ní Olúwa nítorí Ìwópin kò padà wá, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gé e kò sì gbérí. Kí ẹni tó bá tún fẹ́ gé èyí tó kù kọ́kọ́ dáhùn fún ti àkọ́kọ́.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ fi owó àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀rùn sínú ètò ìsúnná yín lọ́dọọdún, kí orúkọ Olúwa hàn níbẹ̀, kí ẹ sì gbà wọ́n láti Òde-Ayé, láti Ọmọ́tóṣọ̀ọ́, láti àwọn kámpù tó yí igbó ká. Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgágù wà ní Òkìtìpupa níbí, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni: ẹ jẹ́ kí oṣù tí akẹ́kọ̀ọ́ bá lò nínú igbó wọ inú máàkì rẹ̀. Ẹ̀yin ọba ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan tó ń fún àlejò ní ilẹ̀ igbó ọba. Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yín ló wúwo jù lọ́kàn ọmọ yín. Bó bá wá bá yín lẹ́rùn tó ń bọ̀ pé òun ti ríṣẹ́ ní igbó Olúwa, ẹ béèrè iye tí wọn yóò san àti ẹni tí yóò wà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ìdáhùn bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ di púpurú àti ẹja gbígbẹ fún un, kí ẹ sì súre fún un kó máa lọ.